Pósí Tó Gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun Kọjá

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé àtẹ lé itan, ó ń fi ìka ti èyí tó dára sí apá kan, ó ń ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ sí apá kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a dá sí i. Kò pẹ́ tó fi gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá wọn. Òkúta tí mo ti yọ lẹ tún ń dà padà sínú ẹ̀wà."

"Ojú mi ṣì ríran."

"Ojú yín ríran. Ọwọ́ yín ni kò fara balẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn mi. Bí a ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì: èmi níwájú, òun lẹ́yìn, a ó máa sọ̀rọ̀ síra wa gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó béèrè bóyá iná ti dé. Mo ní kò tíì dé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo béèrè bóyá kí n lọ ra epo. Kò dáhùn. Mo tún un béèrè. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, àtẹ ẹ̀wà ṣì wà lórí itan rẹ̀, ẹyọ kan kò dà sílẹ̀.

Dókítà ní orúkọ tó pe ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ ìtumọ̀ orúkọ náà, mo sì ti kà nípa rẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì yé mi.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àpótí tó jókòó lé, nítorí pé láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ọmọ wa ti ń rọ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n sun ún. Àkọ́bí wa obìnrin ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ẹnu ìyá rẹ̀. Bó bá fẹ́ wọ ilé ìdáná báyìí, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà kí aṣọ rẹ̀ má baà kàn án. Pátákó pósí ni wọ́n fi kan àpótí náà. Ojú mi ni wọ́n ṣe kàn án, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sì kàn án.

Ní àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ẹrù ní rélùwéè Òṣogbo. Mo ti rí ọmọbìnrin kan ní Iléṣà, aránṣọ, ọmọ káfíńtà, tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ẹbí méjèèjì ti rí ara wọn, wọ́n ti gbà, wọ́n sì ti mú oṣù tí ìgbéyàwó yóò wáyé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń kan ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Àbúrò tèmi náà ń kàn án. Bí mo bá pè é ní àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ń sọ, òun ló ń gbé àpò kòkó ní ilé ẹrù wa. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí ìyá tó bí mi kú. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí aró ni wọ́n ń rẹ, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, àbúrò mi yìí nìkan ló kù.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbayì lásìkò náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń kó ara wọn jọ sídìí rédíò láti gbọ́ ìjà tí wọ́n ń jà ní Èkó, kò sì sí ìlú tí kò ní ẹnì kan tó ń so àpò yanrìn kọ́ igi ẹ̀yìnkùlé kó máa lù ú. Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn, tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, ló ń ṣètò ìjà káàkiri agbègbè wa. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Òṣogbo kan àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó fẹ́ di àna ara wọn ń kan ẹ̀ṣẹ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí nǹkan he. Ó pè wọ́n jọ níwájú ilé ẹrù, ìṣojú mi ni.

"Ẹ gbọ́," ó wí, "kò sẹ́ni tó ń sanwó nítorí ẹ̀ṣẹ́. Èébú ni wọ́n ń sanwó wá gbọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kàn ń kẹ́yìn rẹ̀ ni. Ta ló mọ̀ ọ́n bú nínú yín?"

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà wo ilẹ̀. Ẹni tí mo mọ̀ pé kì í lè parí ìkíni ni. Bó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú," ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á pin sí. Mo rò pé olùṣètò ìjà náà ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, mo wà nídìí tábìlì mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹnì kan láti inú gbohùngbohùn níta. Lọ́rì kan ti dúró sí gbàgede rélùwéè, wọ́n lẹ àwòrán ìjà mọ́ ọn lára yíká. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn ló dúró sórí rẹ̀, ó wọ kàbà obìnrin kan tó ń dán, ó gbé ìbọ̀wọ́ ìjà kọ́ ọrùn.

"Ẹ̀yin ará Òṣogbo, mo kí yín. Wọ́n ní ẹ ní akànṣẹ́ kan níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí. Àbí ẹni tó ń gbé àpò kòkó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni? Mo ti rò pé àpò kòkó ló ń gbé e."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ó dúró dè wọ́n kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ẹnu yà mí pé ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró.

"Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ. Iṣẹ́ rere ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ ìjà. Èmi ni màá bá wọn rẹ ojú ọmọ wọn láró. Aró tèmi kì í sì í ṣí."

Àbúrò mi ju àpò tó wà léjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó gun orí àwọn tó kù. Ohùn tirẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn.

"Ṣé Òṣómàáló ló ń pariwo yẹn? Àwọn bàbá yín lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ayé nítorí owó aṣọ. Ìwọ náà á lóṣòó. Rẹfirí ni yóò máa kà lé ọ lórí. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, iyán àárọ̀ kò tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́. Ọ̀gá akọ̀wé wa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé kì í ṣe àna rẹ nìyẹn?"

"Ó jọ ọ́, sà."

"Ó jọ ọ́?"

Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù náà sì bà mí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ìyá ẹni kì í tètè tán ní agboolé wa. Nígbà tí a jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, mo gba ẹ̀yìn ilé ẹrù kọjá, mo sì bá àwọn méjèèjì lórí pátákó kan, wọ́n ń pín búrẹ́dì àti àkàrà jẹ.

"Èyí tó o sọ nípa aró yẹn dára," ni àbúrò mi ń wí. "Ṣùgbọ́n o yára jù. Tó o bá dé ọjà, sinmi díẹ̀ lẹ́yìn 'iṣẹ́ rere ni'."

"Ti iyán yẹn ńkọ́? Ó dùn mí díẹ̀ o."

"Kí ló dùn ọ́ níbẹ̀? O kì í jẹ iyán?"

"Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ lóòótọ́."

Wọ́n rí mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú." Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ pin sí. Mo yí padà. N kò mọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú kí wọ́n máa bú ara wọn bẹ́ẹ̀ àti kí wọ́n jókòó gbìmọ̀ rẹ̀ bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọ́ ewì.

Olùṣètò ìjà ló mú ọ̀rọ̀ pósí wá. Ó ní ó kù díẹ̀ kí ìjà kò, tíkẹ́ẹ̀tì kò sì tíì tà tó. Ó ní kí wọ́n gbé pósí sórí lọ́rì, kí wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ ìjà àbúrò mi sí i lára, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà wọ aṣọ dúdú bí ẹni tó fẹ́ sìnkú. Àbúrò mi gbà. Ó ní òun á jáde láti àárín èrò nígbà tí wọ́n bá dé gbàgede rélùwéè, òun á fọ́ ìdérí pósí náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà ńlá lọ, kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, kí wọ́n dé rélùwéè. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi tàbí Ìyá Aláró, nítorí lójú tiwọn kò sí ohun tó kan ilé nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni. Ọ̀nà kún, awakọ̀ lọ́rì náà kì í sì í ṣe ọmọ Òṣogbo. Nígbà tí kò rí ọ̀nà lọ, ó yà wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n gba iwájú agboolé wa kọjá. Etí Ìyá Aláró ti wúwo láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò lè gbọ́ gbohùngbohùn yẹn. Wọ́n gbé orí sókè láti ìdí ìkòkò aró, wọ́n rí pósí lórí ọkọ̀, wọ́n rí àwọn èrò tó ń jó níwájú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ orúkọ ọmọ wọn: ó ti kú o, ẹ wá sin ín ní ọjọ́ Sátidé.

Àwọn ará ilé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ìyá Aláró kò kígbe. "Ìnnà lilláhì," ni wọ́n wí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi aró, wọ́n ṣí ìborùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú irun wọn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin agboolé rí èyí, wọ́n sọ lọ́rì náà lókùúta. Awakọ̀ ti pósí náà ṣubú kó lè sáré dáadáa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà fò sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà odò lọ.

Ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ wá pè wá ní ibi iṣẹ́. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi dé, pósí náà wà lójú ọ̀nà iwájú ilé, kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ara mi tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni orúkọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wọlé lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lójú mú, wọ́n fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó fọ́. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ti di aró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Mo ti tú irun mi," ni Ìyá Aláró wí.

"Ìyá, àwàdà ni. Ìpolówó ìjà ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti tú irun mi nítorí òkú rẹ. N kò lè dì í padà bí ẹni tó kàn fọ orí." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà gbọ́. Kò sí ìyàwó tí yóò wọ ilé yìí nígbà tí orí mi bá wà báyìí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo gan-an? Ilé tí wọ́n ti gbé pósí ọmọ mi wá ni o ti fẹ́ gbé ìyàwó wá?"

Àwọn àgbà ilé kò ta kò ó. Ó bófin mu lójú wọn: ilé tí ìyá kan bá ti tú irun ọ̀fọ̀, wọn kì í gbé ìyàwó wọ̀ ọ́ títí irun náà yóò fi di dídì. Bí Ìyá Aláró kò bá gbà láti dì í, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi ti parí nìyẹn. Mo ti kàwé, mo ti ń gbowó oṣù, mo sì rò pé irú nǹkan báyìí kò lè di èmi mú. Mo jókòó sórí pèpéle, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Pósí náà wà níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí káfíńtà tó ṣe é, ó kọ̀. Ó ní pósí tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun kì í gbà á padà, torí kò sẹ́ni tí yóò tún wá ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ òun. Olùṣètò ìjà wá, ó yí pósí náà po, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ariwo yìí dára," ó wí fún mi. "Tíkẹ́ẹ̀tì ti ń tán. Ṣé Ìyá lè jókòó síwájú lọ́jọ́ ìjà pẹ̀lú irun wọn bó ṣe wà yẹn?"

Mo wò ó títí. Títí di òní, bí mo bá rántí ojú ọkùnrin náà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ó béèrè rẹ̀ tinútinú.

Ní ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun kan tí mi ò retí.

"Igi wo ni wọ́n fi ṣe pósí náà?"

"Kí ni?"

"Ìrókò ni àbí afárá?"

"Mi ò wò ó."

"Ó yẹ kí ẹ wò ó." Ó dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ, ó mú ayùn, òòlù àti ìṣó díẹ̀, ó fi aṣọ wé wọn. Bàbá rẹ̀ gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń fá pátákó.

"Níbo lò ń gbé ayùn mi lọ?"

"Òṣogbo, Bàbá."

"Ṣé wọn kò ní ayùn ní Òṣogbo ni?"

"Wọ́n ní. Tiwọn kò mọ ọwọ́ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ìyàwó tí wọn kò tíì gbé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ọkọ ní ọ̀sán gangan, kí a má tiẹ̀ sọ pé kó gbé ayùn lọ́wọ́. Ó ní bí òun kò bá lọ báyìí, òun kò ní lọ láéláé. Àbúrò rẹ̀, tó ti sá dé ilé, ń yọjú lẹ́yìn ògiri. Ó pè é.

"Ìwọ Aláriwo, bọ́ síwájú. Ó dà, ẹnu tí o fi ń sìnkú?"

Ó tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí a dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ìyàwó ilé jáde sí ojúde. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́.

"Òṣómàáló ti dé o. Ta ló jẹ ọ́ ní gbèsè níbí?"

"Irun kan ni mo wá gbà, Ìyá mi," ó dáhùn, "tí mo bá sì rí i gbà, màá lọ." Ó rẹ́rìn-ín, èyí kò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan míì sọ.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Aláró. Wọ́n yí ojú sí ògiri. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kí wọn, ó tún kí wọn, wọn kò dáhùn. Nígbà náà ló dìde, ó jáde sí ojú ọ̀nà, ó fi èékánná ha ara pósí náà.

"Afárá ni," ó wí fún mi. "Igi tó dára."

Ó sì fi ayùn lé e. Mo gbọ́ bí àwọn tó yí wa ká ṣe fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ní kó dúró, òmíràn ní ṣé orí rẹ̀ pé. Ó fi orúnkún tẹ pátákó náà mọ́lẹ̀, ó ń rẹ́ ẹ bí mo ti rí bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́ igi, ayùn ń lọ, ó ń bọ̀, ìyẹ̀fun igi ń dà sára ìró rẹ̀. Àbúrò mi wá di ẹ̀gbẹ́ kan mú láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe é. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Èmi dúró. Ọwọ́ mi ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ọwọ́ kan náà tí kò mọ ẹ̀wà ṣà.

Ó fi pátákó ẹ̀gbẹ́ pósí náà kan ẹsẹ̀ àpótí, ó fi ìdérí rẹ̀ kan ojú rẹ̀. Ẹfun tí wọ́n fi kọ orúkọ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e wọ àgbàlá, ó gbé e síwájú Ìyá Aláró, ó tẹ́ ẹní sí iwájú rẹ̀, bí onídìrí ti ń ṣe. Gbogbo ilé ti tẹ̀ lé e wọlé. Olùṣètò ìjà náà wà láàárín wọn nínú kóòtù rẹ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi jókòó sórí àpótí náà. Mo rí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n bo ẹnu.

"Ìyá," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè dé ẹnu ọ̀nà, "ẹ wá kí n dirun yín. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó lé e. Bí ikú bá wà nínú igi yìí, kó máa wò mí dáadáa. Èmi ló máa kọ́kọ́ rí. Mo wà níbí, kó wá bá mi, kó fi ọmọ yín sílẹ̀."

N kò tíì gbọ́ kí ènìyàn kan pe ikú níjà bẹ́ẹ̀ rí, ní ọ̀sán, níwájú èrò, lórí ìjókòó tí a fi pósí ṣe. Adìẹ kan ń tú ilẹ̀ nídìí ìkòkò aró, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́.

Ìyá Aláró yí ojú kúrò lára ògiri. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o tiẹ̀ mọ irun dì?"

"Ẹ jókòó kí ẹ wò ó, Ìyá."

"Irun Ìjẹ̀ṣà ni àbí irun ènìyàn?"

"Èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú méjèèjì."

Wọ́n wá dìde, wọ́n jókòó sórí ẹní náà, wọ́n gbé orí lé orúnkún rẹ̀. Ó fi òòyà la irun wọn láàárín. Mo jókòó síbi tí mo wà.

Bó ṣe ń dì í lọ́wọ́, Ìyá Aláró na ọwọ́ aró wọn sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ni o fẹ́ rẹ ojú ọmọ mi láró?"

"Ìpolówó ni, Ìyá."

"Ìpolówó kí ni? Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà sì pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti bà. Olùṣètò ìjà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Obìnrin yìí ló yẹ ká gbé sórí lọ́rì láti ìbẹ̀rẹ̀," ó wí. Mo ní kó jáde nílé wa.

Wọ́n ja ìjà náà ní ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan gun ojú fèrèsé. Ìyá Aláró jókòó síwájú, wọ́n di kòlẹ́sẹ̀, wọ́n ṣí ìborùn wọn sẹ́yìn díẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, àwọn méjèèjì kò fẹ́ lu ara wọn. Wọ́n ń rọ̀ mọ́ra wọn bí ẹni tó pàdé ní ibùdókọ̀, àwọn èrò ń hó lé wọn lórí, Ìyá Aláró sì ń kígbe láti ìjókòó pé ṣé ìdí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ sin ọmọ òun. Ọ̀mì ni wọ́n pè é. A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù tí a ti mú tẹ́lẹ̀.

Ìyá Aláró ló ní kí ìyàwó mi gbé àpótí náà dání lọ sí ilé wa. Gbogbo ilé tí a gbé, ní Òṣogbo àti ní ibi tí iṣẹ́ gbé mi lọ, ó bá wa débẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti ń dirun àwọn ọmọ wa. Ẹfun náà parẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán nítorí ìjókòó. Ìyá Aláró àti àwọn akànṣẹ́ méjèèjì ti di olóògbé, n kò sì rò ó mọ́ pé pósí ni.

Mo bi ìyàwó mi léèrè rí, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, bóyá ohun tó sọ lọ́jọ́ náà dá a lójú.

"Èwo nínú ọ̀rọ̀ mi?"

"Pé kí ikú wá bá ọ."

Ó ń lọ ata lọ́wọ́. Kò dúró. "Ṣé ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ìró ni? Mo ti gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń ṣe é lórí lọ́rì. Mo kàn ṣe tèmi jù ú lọ ni."

Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn fún gbogbo ọdún tí a fi wà pọ̀. Ìpolówó ni. Ó fẹ́ wọ ilé mi, ó sì lo ohun tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, tó ṣì jókòó sórí àpótí náà, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni ohùn rẹ̀ ní àgbàlá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: èmi ló máa kọ́kọ́ rí. Mo jẹ́ ẹni tó gbàgbọ́ nínú ohun tí dókítà bá sọ. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé ọ̀rọ̀ náà dé kí n tó pe orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ohun kan náà ni àkọ́bí wa ń rò, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí a sun ún.

Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ padà sí ilé wọn, àkọ́bí wa dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Ẹ ò ní rí i mọ́."

"Ìyá rẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kàn án."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ gbé e lọ nìyẹn."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ kó dúró nìyẹn," mo wí. Ó wò mí, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó sì lọ.

Ilé dákẹ́. Mo jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn, mo bá ara mi pé mo ń béèrè nǹkan gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti gbé àtẹ ẹ̀wà náà sókè sórí àga, wọ́n fi abọ́ dé e. Nígbà tí mo ṣí i, apá méjèèjì ṣì wà bó ṣe pín wọn: èyí tó dára, èyí tí kò dára, àti èyí tí kò tíì ṣà láàárín.

Mo fi ọwọ́ gbọn eruku ojú àpótí náà. Mo jókòó lé e. Ó kéré ju bí mo ti rò lọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo gbé àtẹ lé itan, mo wọ gíláàsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èyí tó kù láàárín. Nígbà tí ọwọ́ mi bá fẹ́ yára, mo dá a dúró. Oòrùn ti kúrò lójú ilẹ̀kùn kí n tó ṣe tán. Mo da òkúta sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọ ẹ̀wà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, mo sì gbé e kaná.